Bí A Bá Ń Sunkún, À Máa Ń Ríran: Àyẹ̀wò Sinimá "A Walk to Beautiful"

Àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ òwe yìí sí, tí a fi ń rọ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ìbànújẹ́ bo òun lójú. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé òdiwọ̀n ni pẹ̀lú, tí a lè fi wọn iṣẹ́ òǹkọ̀wé, iṣẹ́ òṣèré àti iṣẹ́ àwọn tí ń ya sinimá. Kò ṣòro láti pa ènìyàn lẹ́kún. Ẹni tí ó bá gbé ọmọ tí ń ṣàìsàn síwájú wa, tí ó sì fi orin arò tì í lẹ́yìn, kò ní ṣàì rí omi lójú wa. Ohun tí ó ṣòro ni kí omi náà máa dà kí ojú sì máa ríran síbẹ̀. Kí ẹni tí ń wòran dìde kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú òye ohun tí ó fa ẹkún náà, àti ibi tí a ti lè dínà mọ́ ọn.

Òdiwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn sinimá kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe nípa àwọn obìnrin ilẹ̀ Etiópíà. "A Walk to Beautiful" ni orúkọ rẹ̀, bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, a lè pè é ní "Ìrìn Ẹsẹ̀ Dé Ibi Ẹwà." Mary Olive Smith ni ó darí rẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amy Bucher, ní 2007. Ní 2008 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn PBS fi í han àwọn ará Amẹ́ríkà nínú ètò wọn tí à ń pè ní NOVA, ó sì gba ẹ̀bùn Emmy ní 2009. Kì í ṣe eré àròsọ rárá. Àwọn obìnrin tí ìrọbí ti ṣe léṣe ni wọ́n gbà kí a ya àwòrán àwọn, nínú ilé wọn láàrin ẹbí wọn, ní ojú ọ̀nà, àti ní ilé ìwòsàn kan ní Addis Ababa, kí ayé lè mọ ohun tí ó ṣe wọ́n.

Kí a tó wọ inú sinimá náà, ẹ jẹ́ kí á rántí pé èdè tiwa kò fi ojú kékeré wo ọmọ bíbí. Kì í ṣe oríire nìkan ni a ń kí obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. "Ẹ kú ewu ọmọ" ni a ń wí fún un. Àdúrà tí a ń gbà fún aboyún ni pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni ìyá fi ń bẹ ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣìwà hù, òun náà ni ó sì fi ń gégùn-ún nígbà tí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá ètò ìtọ́jú aboyún kan sílẹ̀ ní 2009, Àbíyè ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí kò nílò àlàyé fún ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá. Gbogbo èyí fi hàn pé àwọn tí ó dá èdè yìí sílẹ̀ mọ̀ pé ojú ogun ni ìkúnlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ìkíni náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ẹ kú ewu" jẹ́ ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ewu ti fi sílẹ̀. Ẹni tí ó ti ìrìn àjò dé ni à ń kí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìjàǹbá ọkọ̀ ni à ń kí bẹ́ẹ̀. Ìyá yè, ọmọ yè, ewu ti lọ. Bí ọmọ bá kú, a mọ bí a ti ń tu ìyá nínú. Bí ìyá bá kú, a mọ bí a ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Obìnrin tí kò kú, tí ewu náà kò sì lọ, tí ó ń bá a gbé inú ilé fún ọdún mẹ́wàá, kí ni a ó kí i? Ìbéèrè yìí ni sinimá náà gbé síwájú wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó ṣe é kò gbọ́ èdè wa.

Àrùn tí ó ń sọ nípa rẹ̀ ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fístúlà. Bí orí ọmọ bá há sí egungun ìbàdí ìyá, tí ìrọbí di ọjọ́ kejì, tí ó di ọjọ́ kẹta, tí kò sì sí dókítà tí yóò fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà jáde, orí ọmọ yóò máa tẹ àpò ìtọ̀ ìyá mọ́ egungun. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Ẹran ara ibẹ̀ yóò kú, yóò já, yóò sì di ihò. Ọmọ náà sábà máa ń kú sínú. Ìyá yóò yè, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ ìtọ̀ yóò máa jò lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru, láìjẹ́ pé ó tọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn ìgbẹ́ pàápàá yóò máa bá a jáde. Ẹlòmíràn kò ní lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa mọ́, nítorí pé ìrọbí náà ti pa iṣan tí ń mú ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ lára. Ẹ fi òórùn kún un, ẹ fi ọkọ tí ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kún un, ẹ fi àwọn aládùúgbò tí ń fi aṣọ bo imú kún un, ẹ ó mọ irú ayé tí ó kù fún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé láàrin 50,000 sí 100,000 obìnrin ni àrùn yìí ń mú lọ́dọọdún.

Ayehu ni orúkọ ọ̀kan lára àwọn obìnrin tí a rí nínú sinimá náà. Àtíbàbà kan lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ ni ó ń gbé, ibi tí òórùn rẹ̀ kò ti ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kò jìnnà sílé, ṣùgbọ́n kò sí nínú ilé. Nígbà tí ó gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan wà tí wọ́n ti ń wo irú àrùn rẹ̀ sàn, ẹsẹ̀ ni ó fi rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó dé ojú títì, kí ó tó wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Addis Ababa. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó bá àwọn obìnrin tí àrùn kan náà ń ṣe, wọ́n pọ̀, wọ́n jókòó papọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ní tèmi, kò sí ibi tí sinimá náà ti lágbára tó ibẹ̀ yẹn. Ẹni tí ó ti rò pé òun nìkan ni ayé fi gégùn-ún rí i pé ọ̀pọ̀ ni àwọn.

Ohun kìn-ín-ní tí ó yẹ kí á yìn ni pé àwọn obìnrin náà fúnra wọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, ní èdè abínibí wọn. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn àrùn yìí lè rò pé ohun kékeré ni. Láàrin 1845 sí 1849, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tí ń jẹ́ J. Marion Sims ń wá ọ̀nà tí a fi lè rán ihò yìí pa. Àwọn ẹrú obìnrin ni ó fi ṣe ìdánwò. Mẹ́ta péré nínú wọn ni a mọ orúkọ wọn: Anarcha, Betsey àti Lucy. Ọgbọ̀n ìgbà ni ó fi abẹ kan Anarcha kí ihò náà tó dí, láìfún un ní oògùn amúnisùn. Sims di olókìkí. Ní 1852 ó kọ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n sì gbẹ́ ère rẹ̀ sí gbàgede ìlú New York, níbi tí ó wà títí oṣù Kẹrin 2018 tí wọ́n fi gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n Anarcha kò kọ̀wé. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ìrora rẹ̀, ẹnu ẹni tí ó mú abẹ lọ́wọ́ ni a ti gbọ́ ọ. Nígbà tí a bá wá rí Ayehu tí ó jókòó, tí ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ara rẹ̀, ó yẹ kí á mọ̀ pé ó ju àádọ́jọ ọdún lọ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi pẹ́ kí ó tó dé etígbọ̀ọ́ ayé.

Ohun kejì ni bí a ti fi ẹbí hàn. Nínú irú ìtàn báyìí, ó rọrùn láti fi ẹbí ṣe ìkà pátápátá tàbí kí a fi wọ́n ṣe ẹni mímọ́. Sinimá yìí kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn ará ilé Ayehu lé e sí ẹ̀yìnkùlé, òótọ́ ni. Síbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ náà ni. Kò sí ibòmíràn tí yóò gbà á. A rí ilé tálákà, tí omi kò sún mọ́ wọn, tí ọṣẹ kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, tí kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn rí pé àìsàn ni èyí, pé ó ní oògùn. Nígbà tí Ayehu padà sílé pẹ̀lú ara líle, ẹbí kan náà ni ó ń yọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ń wòran kò ní lè fi ìbínú rẹ̀ sórí ìyá kan ṣoṣo kí ó sì lọ sùn. Yóò ní láti bi ara rẹ̀ léèrè pé irú àìmọ̀kan wo ni ó mú kí ìyá tí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ gbé e sí ibi tí a ń so ẹran mọ́.

Ohun kẹta ni ọ̀nà. Orúkọ sinimá náà ń tọ́ka sí ìrìn, ìrìn sì ni a rí nínú rẹ̀: òkè, àfonífojì, ẹsẹ̀ lásán lórí òkúta. Ẹni tí ó bá ronú yóò rí i pé ọ̀nà tí ó gbé Ayehu lọ síbi ìwòsàn ni ọ̀nà kan náà tí kò jẹ́ kí ó dé ibi ìgbẹ̀bí ní ọjọ́ tí ó ń rọbí. Bí obìnrin tí ara rẹ̀ balẹ̀ bá ní láti rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó rí ọkọ̀, kí ni ti ẹni tí orí ọmọ há sí ní ìdí? Àwọn aláwòrán kò dúró wàásù lórí èyí. Wọ́n fi ọ̀nà náà hàn wá, wọ́n sì jẹ́ kí ó pẹ́ lójú wa. Níbẹ̀, ẹkún wa ń ríran.

Àwọn kan lè bi wá pé ǹjẹ́ ó tọ́ láti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí sórí tẹlifíṣàn rárá. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Nílẹ̀ wa, ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ níbi ìkúnlẹ̀, àárín àwọn àgbà obìnrin ni ó ń mọ sí. A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ìbéèrè yìí tì, nítorí pé ó wà lára ọ̀wọ̀ tí a ní fún ara ènìyàn. Ìdáhùn tèmi ni pé ìtìjú dára níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń dáàbò bo ẹni tí ó ni í. Ìtìjú Ayehu kò dáàbò bò ó. Ẹ̀yìnkùlé ni ó gbé e sí. Àwọn ẹlòmíràn ni ìdákẹ́jẹ́ náà ń ṣe láǹfààní: ọkọ tí kò fẹ́ kí a mọ̀ pé òun lé ìyàwó nígbà ìpọ́njú, ìjọba tí kò la ọ̀nà, àti àwa tí a kò fẹ́ kí ohun tí kò dára wọ inú yàrá ìgbàlejò wa. Bí obìnrin náà bá yàn fúnra rẹ̀ láti sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwa ni ó yẹ kí á tijú fún un.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere náà kì í wà láìní àléébù, ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni ó sì ń sọ àléébù. Orúkọ tí wọ́n fún sinimá yìí ni mo kọ́kọ́ bá wí. Ó sọ fún wa pé ibi ẹwà ni obìnrin wọ̀nyí ń lọ, bí ẹni pé ìdọ̀tí ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀, tí wọn ó sì di arẹwà bí ihò náà bá ti dí. Àṣà ilé ìwòsàn náà ni láti fún obìnrin tí ó bá gba ìwòsàn ní aṣọ tuntun nígbà tí ó bá ń lọ sílé, èyí sì jẹ́ àṣà tí ó wu ni; ẹni tí kò tíì wọ aṣọ gbígbẹ láti ìgbà tí ó ti rọbí mọ ohun tí aṣọ tuntun jẹ́. Àmọ́ Yorùbá kò sọ pé aṣọ ni ẹwà. Ìwà lẹwà. Bí a bá fi ìwòsàn ṣe ẹwà, kí ni a ó sọ nípa ẹni tí kò rí ìwòsàn gbà tán?

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú sinimá náà, òun sì ni ó tú orúkọ náà fó. Wubete ni ó ń jẹ́. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n fi í fọ́kọ. Ìrọbí ti ba àpò ìtọ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé iṣẹ́ abẹ kò lè dá a padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. A rí i tí ó ń retí, a rí i tí ìrètí náà ń já, a rí i tí ó ń bínú. Kò fi ojú rere wo kámẹ́rà láti mú inú wa dùn. Níkẹyìn ó rí iṣẹ́, ó ń bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ tí kò ní ìyá. Aṣọ tuntun kọ́ ni ó gbé Wubete ró bí kò ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé àwọn tí ó ya sinimá yìí kò gé ìtàn rẹ̀ kúrò kí àṣeyọrí wọn lè mọ́ tónítóní. Ibi tí iṣẹ́ wọn ti tako orúkọ tí wọ́n fún un ni iṣẹ́ náà ti dára jù.

A tún lè rántí Mamitu Gashe nílé ìwòsàn kan náà. Ó wá sí Addis Ababa ní nǹkan bí 1962 gẹ́gẹ́ bí aláìsàn, ọmọ oko tí kò mọ̀wé. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó dúró, ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, títí òun náà fi mọ iṣẹ́ abẹ náà ṣe, tí ó sì ń kọ́ àwọn dókítà tí ó ti òkèèrè wá. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fi "ẹni àánú" pe irú àwọn obìnrin wọ̀nyí mọ́.

Àléébù kejì ni ó wúwo jù. Ní 1959, ọdún kan náà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ni dókítà Catherine Hamlin, ọmọ Australia, àti ọkọ rẹ̀ Reginald, ọmọ New Zealand, dé sí Addis Ababa. Àdéhùn ọdún mẹ́ta ni wọ́n bá wá. Iṣẹ́ tí wọ́n sì wá ṣe ni láti dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí àwọn obìnrin tí ìtọ̀ ń jò lára wọn, wọn kò lè padà mọ́. Wọ́n dá ilé ìwòsàn fístúlà sílẹ̀ ní 1974. Reginald kú ní 1993; Catherine kú ní 2020, ó ti di ẹni ọdún 96. Ní 2007, ọdún tí a ṣe sinimá yìí gan-an, ni ilé ìwòsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn agbẹ̀bí.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí po. Agbẹ̀bí ni wọ́n wá kọ́. Bí ọdún méjìdínláàádọ́ta ti kọjá, agbẹ̀bí ni wọ́n tún padà sí. Ohun tí ìgbésí ayé wọn kọ́ wọn ni pé bí a bá ń rán ihò pa lójoojúmọ́ tí a kò dí orísun rẹ̀, àwọn tí ń bọ̀ kò ní tán lẹ́nu ọ̀nà. Èyí ni ó yẹ kí ó jẹ́ òpó ìtàn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a fi ṣe òpó. Òpó tí wọ́n gbé sinimá náà lé ni obìnrin tí ó wọlé pẹ̀lú ẹkún tí ó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwòrán oníṣẹ́ abẹ tí ń rán ihò dùn ún wò. Àwòrán agbẹ̀bí kan ní abúlé tí ó tètè rí i pé ọmọ ti há, tí ó sì tètè pe ọkọ̀, kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ lójú tẹlifíṣàn, nítorí pé ohun búburú tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ṣe é yà ní àwòrán. Ìṣòro ńlá ni èyí fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ fi eré tàbí sinimá la ènìyàn lọ́yẹ̀.

Àwọn tí ó ń wo NOVA nílé wọn ní New York ìbá jàǹfààní bí a bá sọ fún wọn pé àrùn yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Ní 1855 ni a ṣí ilé ìwòsàn àwọn obìnrin ní ìlú New York náà, ìtọ́jú fístúlà sì wà lára olórí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ibi tí ilé ìwòsàn náà kó lọ ni wọ́n kọ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá Waldorf-Astoria lé ní 1931. Ohun tí ó lé àrùn náà jáde nílùú wọn ni agbẹ̀bí tí ó mọṣẹ́, ọ̀nà tí ó já gaara, àti iṣẹ́ abẹ tí kò pẹ́ kí ó tó dé. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò dẹ́kun láti máa wo Ayehu bí ẹ̀dá ilẹ̀ òkèèrè. Ìyá àgbà tirẹ̀ ni yóò rí.

Sinimá ilẹ̀ wa náà ti gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò. "Dry" ni orúkọ rẹ̀, Stephanie Linus ni ó ṣe é ní 2014, òun náà ni ó sì ṣe dókítà Zara nínú rẹ̀. Ní 2016 ó gba ẹ̀bùn sinimá tí ó dára jùlọ níbi ayẹyẹ AMVCA. Ìtàn àròsọ ni: Halima, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ni àwọn òbí rẹ̀ tálákà fi fún Sani, ẹni ọgọ́ta ọdún, ó lóyún, ìrọbí ṣe é léṣe, ọkọ lé e jáde, Zara sì ń sa gbogbo ipá rẹ̀ láti gba òun àti irú rẹ̀ là. Ó yẹ kí á yin obìnrin náà fún ìgboyà rẹ̀, nítorí pé owó kò pọ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, fífi ọmọdé fọ́kọ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn okùnfà tòótọ́ tí àrùn yìí ní. Ara ọmọdé kò tíì gbòòrò tó láti bí ọmọ.

Síbẹ̀, nígbà tí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sinimá Etiópíà, a rí ìyàtọ̀. Nínú "Dry," ìkà kan wà tí a lè nà ní ìka, arúgbó onífẹ̀kúfẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí kò fi ọmọ rẹ̀ fún arúgbó rí yóò bú Sani, yóò nu ojú rẹ̀ nù, yóò sì rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìrọbí tí kò lè há. Obìnrin ọgbọ̀n ọdún tí ó ti bí ọmọ mẹ́rin lè bá a pàdé ní ti ìkarùn-ún, bí ọmọ náà bá dábùú tàbí bí orí rẹ̀ bá tóbi ju ìbàdí ìyá lọ. Ọkọ rẹ̀ lè fẹ́ràn rẹ̀, ó lè mọ̀wé. Bí ọ̀nà kò bá sí, bí iná kò bá sí ní ilé ìwòsàn, bí dókítà kò bá sí ní ìjókòó lóru, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀. Èyí ni "A Walk to Beautiful" fi bori: kò fún wa ní Sani tí a ó fi ẹ̀bi dì mọ́ lọ́rùn.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí pé láàrin ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ni àwọn tí yóò kọ eré fún tẹlifíṣàn lọ́la yóò ti jáde. Àwọn ẹbí yóò wá bá yín pẹ̀lú ìtàn wọn: ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò lè jókòó nítorí pé ó pẹ́ kí ó tó mí nígbà tí wọ́n bí i, ẹni tí wọ́n fa ọmọ rẹ̀ lápá nígbà ìbí tí apá náà fi rọ, ẹni tí ojú ọmọ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ní oòrùn ni kí wọ́n gbé e sí, títí ó fi ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Wọn yóò fẹ́ kí ayé gbọ́. Wọ́n ti borí ìtìjú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá gba ẹkún wọn nìkan lọ́wọ́ wọn, ẹ jà wọ́n lólè. Ẹ bi wọ́n léèrè wákàtí tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó wà níbẹ̀, ohun tí ó sọ, ohun tí kò sọ, bí ọkọ̀ ti pẹ́ tó kí ó tó dé. Ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú eré náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹlòmíràn tí ń wòran yóò ti rí ohun tí yóò fi gba ọmọ tirẹ̀ là. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òǹkọ̀wé náà kò sì gbọdọ̀ wà lọ́jà kí ó máa fi orí tí ó wọ́ ṣe ìran wò lásán.

Ẹni tí yóò bá kọ irú eré bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá kò nílò láti wá ìbẹ̀rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé, níbi tí aládùúgbò kan ti wá kí ìyá ọmọ. "Ẹ kú ewu o," ni yóò wí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Kí a má gbọ́ ohùn ọmọ láti inú ilé. Kí ìyá náà dákẹ́ lórí ẹní, kí àlejò náà sì dúró sí ẹnu ọ̀nà, kí ó máa wá ọ̀rọ̀ tí ó kàn.